Ojú-Ewé Ìdílé: Ìrìn Sikí Láàárín Òtútù Orí Òkè

Ní àkókò tí ètè ń là yìí, tí àwọn ìyá wa ń fi òrí pa ọmọ lára kí wọ́n tó wọ aṣọ fún un, kò sí ẹni tí kò ní sọ pé òtútù mú. Ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òtútù sọ̀ kalẹ̀ dé dígírì 18, àwọn àgbà ti yí iná ká nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí kan náà, àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n ń kàwé ní Fàrànsé ń ránṣẹ́ sílé pé àwọn fẹ́ bá ẹgbẹ́ àwọn gun òkè lọ ṣe sikí, níbi tí omi inú ìgò ti ń dì gbagidi nínú àpò. Òbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti bi wá léèrè ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn Mísà. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan, tilẹ̀ sọ pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹni tí orí rẹ̀ pé a máa fi owó ra òtútù?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ọmọ ẹni ni à ń sọ.

Ohun tí à ń pè ní òjò dídì, bí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti pè é, kì í ṣe yìnyín tí ó máa ń bá òjò ńlá wa rọ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Yìnyín le bí òkúta. Òjò dídì fúyẹ́ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, ó ń bọ́ sílẹ̀ láìdún, ó sì ń gun orí ara rẹ̀ títí yóò fi bo ilé mọ́lẹ̀ dé òrùlé. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú rẹ̀ yóò rì dé itan. Ìdí nìyí tí àwọn ará Àríwá ayé fi gbẹ́ pákó gígùn méjì tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí iwájú rẹ̀ ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n so ó mọ́ bàtà kí ìwọ̀n ara ènìyàn lè tàn ká lórí òjò dídì. Sikí nìyẹn. Ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n ti hú irú pákó bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ẹrẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju 5,000 ọdún lọ. Nítorí náà kì í ṣe eré àwọn olówó ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdẹ ni, àti ẹni tí ó fẹ́ dé abúlé kejì kí ebi tó pa á.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn ìrìn àjò kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1903, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí àwọn òbí yìí ń béèrè wà. Ní Chamonix, ìlú kékeré kan ní ìsàlẹ̀ òkè Mont Blanc ní Fàrànsé, oníṣègùn kan wà tí ń jẹ́ Michel Payot. Nígbà òtútù, àwọn aláìsàn rẹ̀ wà káàkiri orí òkè, òjò dídì sì dí ọ̀nà. Ó kọ́ sikí kí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ará ìlú rẹ̀ kò tí ì mọ ohun tí sikí jẹ́ rárá nígbà náà. Ẹ lè fojú inú wo bí wọn yóò ti máa wo dókítà tí ó fi pákó méjì há ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó bá rí oògùn gbà lóru kì í bèèrè ohun tí dókítà gùn wá.

Payot mú mẹ́ta nínú àwọn afinimọ̀nà òkè Chamonix, Joseph Couttet, Alfred Simond àti Joseph Ravanel, ẹni tí wọ́n ń pè ní Pupa, ó sì sọ pé àwọn yóò ti Chamonix rìn lórí sikí dé Zermatt ní ilẹ̀ Síwísì. Láti 1861 ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti ń la ọ̀nà orí òkè náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òtútù, kò sí ẹni tí ó tíì fi sikí rìn ín já. Ọ̀nà náà kì í ṣe orí òkè kan ṣoṣo. Ènìyàn yóò gun òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, yóò tún gun òmíràn. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ré kọjá láàárín òkè méjì, bí Col du Chardonnet ní ìbẹ̀rẹ̀ àti Col d'Hérens ní ìparí, ga ju 3,300 mítà lọ sí ojú òkun. Òkè Sokbaro tí à ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ ní Bénín kò tó 700 mítà.

Ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà ń gbé lọ. Sikí igi tí ó wúwo. Ọ̀pá kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀pá méjì kò tíì di àṣà. Awọ ẹran òkun tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ sikí. Awọ yìí ni ó yà wá lẹ́nu jù lọ. Irun rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn, nítorí náà bí sikí bá ń lọ síwájú, irun náà á tẹ́, á sì máa yọ̀. Bí ó bá fẹ́ yọ̀ padà sẹ́yìn, irun á dìde, á sì di òjò dídì mú. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń fi ohun tí ń yọ̀ gun òkè. Bí ó bá dé òkè, ó tú awọ kúrò, ó sì fò lọ sí ìsàlẹ̀. Títí di òní olónìí, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe awọ náà báyìí.

Ní orí àwọn òkè wọ̀nyẹn, odò yìnyín ni ó wà, yìnyín tí ó nípọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ó ti ń rìn, ara rẹ̀ ń sán, ihò tí ó jìn ju kànga lọ sì ń là sílẹ̀. Nígbà òtútù, òjò dídì á bo ẹnu ihò náà bí ẹní tí a tẹ́ bo kànga. Nítorí náà ni àwọn arìnrìn-àjò fi ń so ara wọn pọ̀ mọ́ okùn kan, kí àwọn yòókù lè fa ẹni tí ó bá ja sínú ihò jáde. Oòrùn oṣù kìíní sì kúrú níbẹ̀: bíi wákàtí mẹ́sàn-án péré ni ọ̀sán. Ẹni tí kò bá tí ì dé ibi tí yóò sùn nígbà tí oòrùn bá wọ̀, òun àti òtútù ni yóò jọ sùn.

Ó gbà wọ́n ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀, wọ́n la àfonífojì Ferret dé Orsières, wọ́n tún gòkè lọ sí ìlà oòrùn láti òkè dé òkè, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ sí Zermatt, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàyè. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń tẹ̀lé ipa wọn lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń yàn, nígbà tí ọjọ́ ti gùn tí olùtọ́jú sì wà nínú àwọn ilé ìsinmi orí òkè. Àwọn tí ń rìn ín ní àárín òtútù gan-an kò pọ̀.

Báwo ni òtútù náà ti tó? Ní ìpíndọ́gba, bí ènìyàn bá ti gun 1,000 mítà sókè, afẹ́fẹ́ á tutù sí i ní ìwọ̀n dígírì 6 tàbí 7. Bí ó bá jẹ́ dígírì òdo ní Chamonix, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dì, yóò ti tó dígírì 15 lábẹ́ òdo ní orí Col du Chardonnet. Síbẹ̀ kì í ṣe ìyẹn ni ó ń pa ènìyàn. Atẹ́gùn ni. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná, kíá ni ó ń tutù. Ara ènìyàn náà kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí òtútù bá jẹ́ dígírì 15 lábẹ́ òdo, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ 40 kìlómítà ní wákàtí kan, ojú tí kò ní ìbòrí yóò máa pàdánù ooru bí ẹni pé dígírì 27 lábẹ́ òdo ni. Ẹni tí ń fi sikí sáré sọ̀ kalẹ̀ ń dá irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ara wa gbọ́n. Bí òtútù bá dé, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò ní ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, imú àti etí, á padà sínú láti ṣọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀. Ìka ni ó ń san gbèsè náà. Ó kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ó kú tipiri, kò sì dùn mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, nítorí pé ẹni tí kò dùn kò ké. Àwa aláwọ̀ dúdú ní láti gbọ́ èyí dáadáa: àwọn oníṣègùn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé nínú ipò kan náà, òtútù ń ṣe ìka àwọn ọmọ ogun tí ìran wọn ti Áfíríkà wá lọ́ṣẹ́ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka wọn ń tètè sé, ó sì ń pẹ́ kí ó tó ṣí. Ìwé àwọn Òyìnbó sì máa ń sọ pé kí a ṣọ́ àwọ̀ tí ó bá di funfun. Lára wa, ó lè jẹ́ pé yóò kàn ṣá ni, bí ara tí a fi eérú pa, tàbí kí ó le bí àbẹ́là. Kí ọmọ má gbẹ́kẹ̀lé ojú nìkan. Kí ó máa mi ìka rẹ̀, kí ó sì wọlé kíá bí kò bá mọ̀ ọ́n lára mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi òjò dídì ra ibẹ̀, kí ó má sì nà án sí iná. Abẹ́ apá ara rẹ̀ ni kí ó fi ọwọ́ sí, tàbí inú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí wọ́n sì pe oníṣègùn.

Àti ọtí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ògógóró ń mú ara gbóná. Ó ń mú àwọ̀ gbóná, òótọ́ ni, nítorí pé ó ṣí ilẹ̀kùn tí ara ti sé, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sì tú jáde lọ pàdé òtútù. Inú ń tutù sí i nígbà tí ẹni náà ń rò pé ara òun ti yá. Èyí mú wa rántí àwòrán ajá tí a máa ń rí, ajá ńlá tí ó so àgbá ọtí mọ́ ọrùn, tí ń lọ gba ènìyàn là nínú òjò dídì. Ajá náà wà lóòótọ́. Àgbá yẹn ni kò sí rí.

Láti Orsières tí àwọn Payot gbà kọjá ni ọ̀nà kan ti yà gòkè lọ sí Great Saint Bernard, láàárín Síwísì àti Ítálì, ní 2,469 mítà. Ní nǹkan bí ọdún 1050, Bernard Mímọ́, igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ìlú Aosta, kọ́ ilé àlejò kan síbẹ̀ nítorí pé òtútù àti àwọn ọlọ́ṣà ń pa àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn tí ń lọ sí Róòmù. Àwọn àlùfáà tí à ń pè ní Kánọ́ọ̀nù ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ọdún báyìí. Àfonífojì tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Combe des Morts, èyíinì ni Àfonífojì Àwọn Òkú, orúkọ rẹ̀ sì rò ó. Láyé àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá dì tí wọn kò lè gbẹ́ ẹ, ilé kan wà tí wọ́n máa ń gbé òkú àwọn tí wọ́n rí sí, bóyá ẹbí wọn yóò wá dá wọn mọ̀.

Àwọn Kánọ́ọ̀nù yìí ni ó tọ́ àwọn ajá náà. Èyí tí ó lókìkí jù ni Barry, tí wọ́n bí ní 1800. Wọ́n kà á sí i lọ́rùn pé ó gba ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Ìtàn kan ní ẹni tí ó fẹ́ gbà là ni ó pa á, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n mú un lọ sí ìlú Bern ní 1812, ó darúgbó, ó sì kú ní 1814. Ẹ lè rí i níbẹ̀ títí di òní nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 2005, àwọn Kánọ́ọ̀nù fi àwọn ajá náà lé ẹgbẹ́ mìíràn lọ́wọ́, nítorí pé ọkọ̀ òfurufú ti gba iṣẹ́ wọn. Láti 1964 ni ọkọ̀ sì ti ń gba inú ihò abẹ́ òkè náà kọjá. Ṣùgbọ́n ilé àlejò kò tì. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ojú ọ̀nà ọkọ̀ tí ó lọ sókè ti wà lábẹ́ òjò dídì, ọkọ̀ kò sì lè dé ibẹ̀: àwọn ènìyàn ń fi sikí gòkè láti ẹnu ihò náà, ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta. Àlejò tí ó bá dé, tíì gbígbóná ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀. Nítorí Bernard yìí, Póòpù Pius Kọkànlá fi í ṣe alábòójútó àwọn agunkè ní 1923. Òun alára ti gun Monte Rosa ní 1889, kí ó tó di Póòpù. John Paul Kejì náà ṣe sikí lórí òkè Adamello ní 1984, níṣojú Ààrẹ Ítálì, Pertini, baba ẹni ọdún 87 tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, tí àwọn méjèèjì sì jọ di ọ̀rẹ́. Pier Giorgio Frassati ọmọ Turin, tí Póòpù Leo fi jẹ Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2025, kò lè rí òjò dídì kí ó jókòó sílé.

Ó kù ohun kan tí ó burú ju òtútù lọ. Bí òjò dídì bá pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìpele òkè lè má lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn, ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo lórí sikí ti tó láti já a, gbogbo rẹ̀ á sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 1970, ó ya lu ilé kan ní Val d'Isère ní Fàrànsé níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jẹun àárọ̀. 39 ni ó kú. Ẹni tí òjò dídì bá bò mọ́lẹ̀, bí wọ́n bá hú u jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó yè. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ìrètí ti kéré. Nítorí náà ni àwọn tí ń jáde kúrò ní ojú ọ̀nà fi ń gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń ránṣẹ́ sí ara wọn lára, pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Lójoojúmọ́, ìjọba ń kéde ewu náà, láti 1 dé 5. Ní 3, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń bá a lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú sí.

Wàyí o, ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń mú lọ kì í lọ sí irú ibi wọ̀nyẹn. Láti 1953, tí oníṣègùn kan ní Vanves lẹ́bàá Paris, Max Fourestier, ti ṣètò pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì kan pẹ̀lú ìwé wọn lọ sórí òkè, ni Fàrànsé ti mọ bí wọ́n ṣe ń kó ọmọdé lọ. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́, tí wọ́n sì fi òpó sàmì sí, ni wọn yóò wà: àwọ̀ ewé fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, búlúù, pupa, dúdú fún ẹni tí ó gbójú. Kí ọmọ yín dúró lórí àwọ̀ ewé, kí ó sanwó olùkọ́ fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó dé àṣíborí. Kí ó má fi aṣọ òwú sún mọ́ ara: òwú wa dára fún oòrùn wa, ṣùgbọ́n bí òógùn bá wọ̀ ọ́, kì í gbẹ, ó sì ń fa ooru ara jáde. Irun àgùntàn ni kí ó wọ̀ sábẹ́, aṣọ tí ó nípọn lé e, èyí tí atẹ́gùn kò lè gbà wọlé lé gbogbo rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì. Awò dúdú, nítorí pé òjò dídì ń dá oòrùn padà bí dígí, ó sì lè jó ojú títí ènìyàn kò fi ní ríran fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kí ó sì ra asíránsì kí ó tó gòkè. Èyí kò hàn sí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa: ẹni tí ó bá kán lẹ́sẹ̀ lórí ojú ọ̀nà sikí ní Fàrànsé, òun ni wọ́n máa ń gbé owó àwọn tí ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún, owó náà kò sì kéré.

Ẹni tí ó bá sọ pé eré yìí kì í ṣe tiwa, kí ó gbọ́ èyí. Ní 2014, ní Sochi ní Rọ́ṣíà, Tógò rán obìnrin méjì lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́. Mathilde-Amivi Petitjean ni ó gbé àsíá, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Tógò, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Haute-Savoie, agbègbè tí Chamonix wà. Chamonix náà ni wọ́n ti ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1924. Ní 2026, ní Ítálì, àsíá Bénín náà kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi sikí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ni ó sì dúró fún wa.

Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ń lọ lọ́dún yìí lè wá bá wa lẹ́yìn Mísà àkọ́kọ́. A ti kọ orúkọ àwọn aṣọ náà sílẹ̀ ní èdè Faransé, kí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí i.